Ojú Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Ojú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni afárá yìí ní,
ní Isfahánì, ìlú àwọn bàbá mi.
Láti kékeré ni èmi àti Gólínúṣì àbúrò mi ti ń kà wọ́n,
ọwọ́ wa lára bíríkì;
ẹni tó bá ṣìṣe, á padà bẹ̀rẹ̀ láti ìhà gúúsù.
Ojú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,
kò sí omi lójú ọ̀kankan.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ ni í gbẹ.
Odò tiwa kò gbàgbé nǹkan kan.
Orísun rẹ̀ wà lókè níbi tí yìnyín ti ń yọ́,
ó mọ̀ ọ́n bí ọmọ ṣe mọ ọmú ìyá.
Àwọn kan ló dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ti ilẹ̀kùn irin,
wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò,
wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ oko kan lọ́hùn-ún.

Ọkọ̀ mẹ́fà ni Heṣimátì bàbá mi ní,
tí wọ́n ṣe bíi pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn,
ẹsẹ̀ la fi ń wà wọ́n bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́.
Nígbà tí omi wà,
tọkọtaya á sanwó ìdajì wákàtí,
wọ́n á wọ abẹ́ ojú kejìlá,
wọn ò ní tètè jáde.
Bàbá mi á máa wo òkè bí ẹni ń wá òṣùpá lọ́sàn-án.
Abẹ́ ojú yẹn náà ni òun àti Túbà ìyá mi...
Ẹ jẹ́ n dákẹ́. Etí ìyá mi ṣì ń gbọ́ràn.

Nísinsìnyí àwọn pẹ́pẹ́yẹ jókòó sórí ilẹ̀
tó sán bíi gìgísẹ̀ arúgbó.
Lọ́dọọdún, kí ọdún tuntun tó wọlé,
bàbá á ra ọ̀dà, á kun ọrùn wọn.
Mo ní, "Ta ló fẹ́ gùn wọ́n?"
Ó ní, "Torí pé àlejò ò tíì dé, ká má gbálẹ̀?"

Lálẹ́, Yadulá tó ti fẹ̀yìntì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà
á fara ti òpó lábẹ́ ojú keje, á kọrin.
Òkúta á gba ohùn rẹ̀, á dá a padà pẹ̀lú èlé.
Ẹnì kan ní ó dùn ju ti àtijọ́ lọ.
Yadulá ní, "Omi ló ń jẹ lára rẹ̀ nígbà yẹn.
Kó wá jẹ ẹ́.
Kó wá jẹ gbogbo rẹ̀ tán."

Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù dún: wọ́n ti ṣílẹ̀kùn.
A ò dúró de omi, a lọ pàdé rẹ̀.
Ìyálé ilé nínú sálúbàtà,
oníbúrẹ́dì tòun ti ìyẹ̀fun lápá,
à ń rìn nínú odò gbígbẹ lọ síhà ìwọ̀-oòrùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.
Mo ti rò pé ariwo ni yóò bá dé.
Jẹ́jẹ́ ló wá, ó dúdú, ó tẹ́ bí ẹní,
ó ń ti ike àti bàtà ọmọdé kan síwájú,
ó ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ti àjò dé tó ń yẹ yàrá rẹ̀ wò.
Arúgbó kan bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án.
"Káàbọ̀. Àwa la wà ńlé."

A ń fẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀ títí a fi dé afárá.
Bàbá mi ti jókòó sínú ọkọ̀ kẹta,
kóòtù lọ́rùn, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ẹsẹ̀ irin.
Omi kan ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ ò mira.
"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wa?"
"Wọ́n ní mẹ́wàá."
Ó mirí, kò sọ̀rọ̀, ó ń dúró.

Mo gbé fóònù sókè fún Gólínúṣì ní Hámbọ́ọ̀gì.
Ó ń kà wọ́n, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n,
ó ṣìṣe nígbà tó dé ìkọkàndínlógún.
Mo ní kó padà bẹ̀rẹ̀ láti ìhà gúúsù.